Ọwọ́ òsì lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́: èébú ni tàbí ìkíni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ràn máṣíìnì púpọ̀. Bí ọjọ́ Sátidé bá ti pé, màá gun tèmi gba apá Ìgbómìnà lọ, kí n kàn rí ìlú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, láàárín Ìdọ̀fíàn sí Àjàṣẹ́-Ìpo, mo pàdé ẹnìkan lórí páwà báìkì. Bó ṣe kù díẹ̀ ká kọjá ara wa, ó na ìka méjì ọwọ́ òsì sísàlẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Inú bí mi. Nírọ̀lẹ́, a tún bára wa ní ilé epo kan ní Àjàṣẹ́. Ó bọ́ akoto, àgbàlagbà tó ti hewú ni. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ, nígbà tó sì ń lọ ó ní, "A ó ṣe kòńgẹ́ ire." Kí ni ọwọ́ òsì yẹn? Ṣé èmi náà lè fi ọwọ́ òsì dá irú àgbà bẹ́ẹ̀ lóhùn? Kí ló sì dé tó fi sọ "kòńgẹ́" dípò "a ó pàdé"?

Ìdáhùn: Àbúrò, ó kí ọ ni, kò bú ọ. Káàkiri ayé ni àwọn tó ń gun máṣíìnì nítorí ìfẹ́ ti ń kí ara wọn bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kòńgẹ́ lójú títì, ì báà jẹ́ pé wọn ò rí ara wọn rí. Ìka méjì yẹn, táyà méjì ni wọ́n ní ó dúró fún: kí méjèèjì má kúrò nílẹ̀ títí wàá fi délé. Àwọn ìyá wa á ní, "O ò ní fẹsẹ̀ kọ." Ohun kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí ohùn dé etí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ yẹn, ìka ló fi ṣàdúrà.

Ìdí tí inú fi bí ọ yé mi. Níbi tí a ti dàgbà, bí ẹni tí a ò mọ̀ bá ṣàdédé nawọ́ sí wa, "wàká!" ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ìka márùn-ún ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, ojú ẹni ni wọ́n sì ń nà án sí. Ìka méjì tó dojú kọlẹ̀ kò bá a tan.

Ó ku ti ọwọ́ òsì. Wo bí o ṣe ń jókòó lórí máṣíìnì tìrẹ. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń fún un níná, òun náà ló di bíréèkì iwájú mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn. Bí o bá gbé ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí eré, iná á lọ sílẹ̀ lójijì, máṣíìnì á fà sẹ́yìn lábẹ́ rẹ, bí ewúrẹ́ bá sì já lu títì lásìkò yẹn, bíréèkì tó lágbára jù ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Klọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ òsì ní tirẹ̀, a kì í sì í fọwọ́ kàn án àfi bí a bá fẹ́ gbéra, ká dúró, tàbí ká pààrọ̀ jíà. Òun nìkan ló ráyè ìkíni.

Ìdí kejì wà lójú ọ̀nà fúnra rẹ̀. Apá ọ̀tún ni gbogbo wa ń gbà ní Nàìjíríà, láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ìjọba pa apá òsì tí a jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tì. Ẹni tó ń bọ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ ló ń gbà kọjá, nítorí náà ọwọ́ òsì ló sún mọ́ ọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ṣì ń gba apá òsì, ọwọ́ tó sún mọ́ ẹni tó ń bọ̀ ni ọwọ́ tí kò ráyè, ló bá di pé orí ni wọ́n ń mì síra wọn. Ti àwọn Faransé ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù: bí ọkọ̀ bá yà fún wọn kí wọ́n ráyè kọjá, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n ń nà síta láti fi dúpẹ́! Gbé ìyẹn wá sí Òmù-Àrán, kí o na ẹsẹ̀ sí bàbá kan tó yà fún ọ, kí o wá wò ó bóyá "o ṣeun, ọmọ mi" ni wàá gbọ́.

Mo fẹ́ kí o ronú kan ẹṣin díẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni ọ́, o mọ oríkì ìlú rẹ: Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, ìlú tó tóbi tó yẹn, wọn ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá ń sáré bọ̀ níwájú Ẹ́míà lọ́jọ́ Dọ́bà, ṣàkíyèsí ọwọ́ wọn. Ọwọ́ òsì ló di ìjánu mú. Ọ̀tún ló ṣófo, òun ni wọ́n fi ń gbé ọ̀kọ̀ sókè, òun náà ni wọ́n fi ń kí ọba. Ẹṣin ò lòdì sí àṣà wa rárá, òsì ló ń kó, ó fi ọ̀tún sílẹ̀ fún àgbà. Àwọn tó ṣe máṣíìnì ló yí i po, wọ́n gbé iná sọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kọ̀ wá di ọkọ̀, ọwọ́ tó yẹ ká fi kí èèyàn sì di ọwọ́ tí kò gbọdọ̀ sinmi. Kì í ṣe pé bàbá tí o pàdé gbàgbé ẹ̀kọ́ ilé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé náà wà, mi ò ní fojú fò ó. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. A kì í fi í gbowó, a kì í fi í gbé oúnjẹ fún àgbà. Kò sí awo kankan nínú ẹ̀: gbogbo wa la mọ iṣẹ́ tí ọwọ́ yẹn ń ṣe ní ṣáláńgá, ìmàle Ìlọrin sì tún ní ti ẹ̀sìn kún un. Awo tó wà nínú ọwọ́ òsì, ti Ògbóni ni, torí òun ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Àgbà míì á rí ọ tí o na òsì lójú títì, á kọ́kọ́ máa wò ó pé ta ló mú ọmọ yìí wọ ilédì.

Níbi tí mo wá yàtọ̀ sí àwọn tó ń sọ pé kí Yorùbá má dá irú ìkíni bẹ́ẹ̀ lóhùn láéláé rèé: àṣà wa kò fìgbà kan rí béèrè ohun tí ara ẹni ò lè ṣe. Obìnrin tó ru ẹrù bọ̀ láti Ọjà Ọba kì í gbé e sọ kó tó kí ìyá ọkọ rẹ̀. Á tẹ orúnkún díẹ̀, á ní "ẹ ǹlẹ́ o, Mà, ẹrù ni", ìyá á sì ní kó máa lọ. Ẹni tó ń jẹ àmàlà lọ́wọ́, bí àlejò bá na ọwọ́ sí i, ọrùn ọwọ́ ló ń fún un bọ̀. Ẹni tí ọ̀tún rẹ̀ dí tó fẹ́ mú nǹkan fún àgbà á ní, "Ẹ má bínú ọwọ́ òsì o," ọ̀rọ̀ tán. Gbogbo wa la ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Nítorí náà bẹ́ẹ̀ ni, o lè fi òsì dá bàbá yẹn lóhùn lórí eré, ó sàn ju kí o fi ọ̀tún kí i kí o lọ bá a nínú kòtò. Àmọ́ bí ẹ bá ti dúró, tí ẹsẹ̀ yín ti kan ilẹ̀, àwáwí tán. Pa máṣíìnì, bọ́ akoto, sọ̀ kalẹ̀, kí i bí o ṣe ń kí bàbá nílé. Kó o jókòó sórí ìjókòó kí o máa mi orí sí ẹni tó hewú ní ilé epo, èmi ka ìyẹn sí àfojúdi ju ọwọ́ òsì lọ.

Ta ló yẹ kó kọ́kọ́ kí? O ò béèrè, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Nílé, ọmọdé ló ń kí àgbà. Lójú títì, akoto ti bo ojú, jákẹ́ẹ̀tì ti bo ara, o ò mọ̀ bóyá ọmọ ogún ọdún ló ń bọ̀ tàbí bàbá àgbà. Àwọn àfáà wa ní ìlànà kan tó bá a mu. Nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, Ànábì ní kí ẹni tó gun nǹkan sálámà sí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, kí ẹni tó ń rìn sálámà sí ẹni tó jókòó, kí àwọn tó kéré sálámà sí àwọn tó pọ̀. Fi wo ara rẹ: bí ìwọ nìkan bá pàdé máṣíìnì mẹ́wàá tó ń tò bọ̀ láti apá odò Òwù, ìwọ lo máa kọ́kọ́ kí. Bí o bá sì kọjá lára bàbá àgbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti oko, rọra dín eré, kí i, má kàn da eruku lé e lórí. Ní ti ìdáhùn, Kùránì sọ ọ́ nínú súrà An-Nisá, ẹsẹ 86: bí wọ́n bá kí yín, ẹ fi èyí tó dára ju ìyẹn lọ dáhùn, tàbí kí ẹ dá irú rẹ̀ padà. Mi ò rò pé ẹsẹ yẹn yọ ìka méjì sílẹ̀.

Má ṣe é láàárín ìgboro o. Láti Gàráàjì Ọ̀fà títí dé Póòsì Ọ́fíìsì, kò sí ẹni tó ráyè rẹ, ọwọ́ tó bá sì lọ sílẹ̀ níbẹ̀, "dúró" ló túmọ̀ sí. Ọlọ́kadà kan á já bíréèkì níwájú rẹ, á ní "ibo lẹ̀ ń lọ?" Fèrè ni àwọn fi ń kí ara wọn, pí-pí, ó tán. Má sì ṣe é ní kọ́nà, tàbí níbi tí kòtò pọ̀ sí, tàbí nígbà tí o bá ń kọjá lára tírélà. Mi orí, ó tó.

Ó ku kòńgẹ́. Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn jinlẹ̀ ju bí o ṣe gbà á lọ. Bí mo bá ní "a ó pàdé", ó lè jẹ́ pé a ti jọ fi àdéhùn sí i: ìpàdé ẹbí, ìpàdé ẹgbẹ́, gbogbo ẹ̀ ló ní ọjọ́ àti aago. Àbápàdé ni ti ẹni tí kò ṣàdéhùn: mo ń lọ, mo kàn bá ọ pàdé. Àkọsẹ̀bá tún yàtọ̀, ẹsẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, ohun tí èèyàn fẹsẹ̀ kọ láìwò. (Àwọn àgbà kan ní bí ẹsẹ̀ òsì bá kọ, ire ń bọ̀. Ti ẹlòmíì, ọ̀tún ni. Kálukú ló mọ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Nítorí náà má rò pé òsì ò níyì níbì kankan lọ́dọ̀ wa.) Kòńgẹ́ wá ni pé àkókò méjì bá ara wọn mu gẹ́lẹ́. Ká ní o dúró mu omi fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i kí o tó dé ilé epo yẹn, bàbá yẹn lè ti lọ, ẹ ò ní rí ara yín níbẹ̀. Ohun tó bá ara mu gẹ́lẹ́ báyẹn ni a ń pè ní kòńgẹ́. Kòńgẹ́ nìkan kì í ṣe ire, torí èèyàn lè ṣe kòńgẹ́ òjò, ó lè ṣe kòńgẹ́ jàǹbá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi "ire" tì í lẹ́yìn bó bá di àdúrà. Ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ, tí kò gba nọ́ńbà rẹ, kò lè ní "a ó pàdé", irọ́ ni ìyẹn máa jẹ́. Ó sọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Èmi náà ti ṣe kòńgẹ́ kan rí. Ṣéènì mi já lẹ́yìn Orò, oòrùn ti ń wọ̀, igbó lápá ọ̀tún, igbó lápá òsì. Mo ti ti máṣíìnì náà débi pé apá ń ro mí nígbà tí ẹnìkan lórí Bajaj aláwọ̀ búlúù kọjá, tó na ọwọ́ òsì sísàlẹ̀, tó lọ bí ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀, tó wá yí padà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó tú báàgì kékeré kan tó so mọ́ abẹ́ ìjókòó, ó mú ojú ṣéènì kan jáde láti inú ọ̀rá pió wọ́tà tó ti gbẹ, ó fi púláyà tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó fi ẹsẹ̀ yí táyà ẹ̀yìn láti wò ó. Nígbà tí mo mú owó jáde, ó ti ọwọ́ mi padà sínú àpò. "A ó ṣe kòńgẹ́ ire," ó ní, ó sì gba apá Èsìẹ́ lọ. Kò bọ́ akoto láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mi ò mọ ojú rẹ̀ títí dòní. Bí mo bá rí Bajaj búlúù ní apá ibẹ̀ yẹn, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ na ọwọ́ òsì.