Omi Pọ̀ Lójò, Omi Gbẹ Lẹ́ẹ̀rùn: Ìbéèrè Yín Lórí Ilé Orí Òkè

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ti kún òkè tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa l'Ádó-Èkìtì. Odò kékeré tí a ń pọn lẹ́ẹ̀rùn ti gbẹ, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, ọ̀gbàrá a máa bá wa dé yàrá. Báwo lomi ṣe ń pọ̀, tó tún ń dín?

ÌDÁHÙN: Omi kan náà ni. Ibi tó ń sá pamọ́ sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú igbó orí òkè, ewé igi ló kọ́kọ́ ń gba òjò, kì í jẹ́ kó na ilẹ̀ tààrà. Ewé jíjẹrà tó tẹ́ sílẹ̀ a fa omi mu bíi kànrìnkàn, ihò gbòǹgbò àti ti ekòló a sì mú un wọlẹ̀ lọ. Omi tó wọlẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ló ń sun lẹ́sẹ̀ òkè nígbà ọyẹ́. Bí wọ́n bá gé igi tán, tí katapílà tẹ ilẹ̀ pa, omi ò rọ́nà wọlẹ̀ mọ́.

Ẹ wo òrùlé kan ṣoṣo, mítà 10 sí mítà 12. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí rẹ̀, lítà 6,000 ni yóò dà sílẹ̀. Dúrọ́ọ̀mù onílítà 200, ọgbọ̀n gbáko, láti ilé kan! Ẹ wá ka ilé tó wà lókè yín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Freetown, ní Sierra Leone, ló ń dun wá jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òkun wà níwájú ìlú náà, òkè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ogun abẹ́lé ọdún 1991 sí 2002 lé ọ̀pọ̀ èrò wá síbẹ̀, ilé sì ń gun òkè wọ inú igbó tí ìjọba ti fi òfin dè láti 1916. Nínú igbó yẹn gan-an ni adágún Guma tí ìlú ń mu wà. Ibẹ̀ náà ni ibùgbé àwọn ìnàkí. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2017, lẹ́yìn òjò ọlọ́jọ́ mẹ́ta, apá kan òkè Sugar Loaf ya lulẹ̀ ní Regent. Àwọn tó kú àtàwọn tí a ò rí mọ́ lé ní 1,000. Òótọ́ ni pé òjò ọdún náà kọjá àlà, òkè náà sì dúró ṣánṣán, ṣùgbọ́n igi tí ì bá di ilẹ̀ mú ti lọ. Ìtòsí ibẹ̀, ní Bathurst, ni wọ́n mú Àjàyí Crowther lọ nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lóko ẹrú. Ilẹ̀ àwọn èèyàn wa ni.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ra ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ́ òkè l'Ákùrẹ́. Kí ni kí n ṣe kí n tó kọ́lé?

ÌDÁHÙN: Ẹ má gé gbogbo igi. Ibi tí ilé yóò dúró sí nìkan ni kí ẹ ṣí. Ẹ má sì gbẹ́ ẹsẹ̀ òkè láti fi fẹ ilẹ̀ lójú, torí ẹsẹ̀ yẹn ló gbé èyí tó kù dúró.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìlà tó tẹ́jú, ìyẹn ìlà tó dábùú ìdagẹ̀rẹ́ láì gòkè láì sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ óò gbin koríko sí. Ẹ di igi méjì onímítà méjì pọ̀ lórí, kí ẹsẹ̀ wọn yà, kí ẹ fi igi kan dábùú wọn láàárín, kí ẹ so òkúta mọ́ okùn láti orí. Ẹ gbé e dúró, ẹ sàmì sí ibi tí okùn kan igi ìdábùú. Ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì síra wọn, ẹ tún sàmì. Agbede-méjì àmì méjèèjì ni títẹ́jú. Ẹ máa gbé e kiri ìdagẹ̀rẹ́, kí ẹ máa kan èèkàn síbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí nígbà tí okùn bá wà ní agbede-méjì yẹn.

Lórí ìlà yẹn ni kí ẹ gbin koríko vetiver nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ka méjì sí mẹ́ta nínú ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 15 síra wọn. Ìlà mìíràn tún kàn níbi tí ilẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ ní mítà kan sí méjì. Gbòǹgbò rẹ̀ a máa wọlẹ̀ ju mítà méjì lọ. Àwọn tó ń gbìn ín láti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ ń la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá ni. Abẹ́ igi tó ṣú kò gbà á, yóò kú.

Ògiri tó bá ń di ilẹ̀ mú gbọ́dọ̀ ní ihò: ẹ ki páìpù sí i ní mítà méjì-méjì, kí ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀. Omi tí kò rọ́nà jáde ló ń ti ògiri wó, kì í ṣe ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ má gbẹ́ sọ́kàwéè sókè ilé, kó má baà máa rin ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Bí ilẹ̀ bá là ní ìlà tó tẹ̀ bí òṣùpá, bí igi bá ń fì sísàlẹ̀, tàbí tí omi ìsun tó máa ń mọ́ bá ṣàdédé di ẹrẹ̀ lákòókò òjò, ẹ kó ọmọ yín jáde lọ́jọ́ náà gan-an, kí ilẹ̀ tó ṣú.