Ẹgbẹ́ wa ní Kétu fẹ́ gbàlejò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ òkèèrè: kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ní Kétu. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí a ti ń ṣe ìdíje kékeré fún àwọn ọ̀dọ́ agbègbè wa nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ní báyìí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ fẹ́ kí a pe ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ọjọ́ orí àwọn ọmọ wọn kò ju ọdún 16 lọ: mẹ́rin láti Benin níhìn-ín, méjì láti Nàìjíríà, ọ̀kan láti Tógò, ọ̀kan láti Gánà. Pápá kan ni a ní, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sì ti gbà láti yá wa ní kíláàsì. Àwọn kan ní owó ni kí a kọ́kọ́ wá, àwọn mìíràn ní kí a lọ ra ife ẹ̀yẹ. Ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni ó máa ń ba irú ètò báyìí jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, nítorí pé àwọn tí ń béèrè kí wọ́n tó dáwọ́ lé nǹkan kò pọ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ́ tán ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá mi wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bá wọn ṣètò ìdíje àwọn ọ̀dọ́, ohun tí mo sì rí nínú rẹ̀ ni n óò sọ fún yín.

Kì í ṣe owó ni ẹ óò kọ́kọ́ wá, kì í sì í ṣe ife ẹ̀yẹ. Ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ ka iye ọmọ ọlọ́mọ tí yóò wà lábẹ́ àbójútó yín. Bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá mú agbábọ́ọ̀lù 18 àti àgbà 4 wá, ènìyàn 22 nìyẹn, ẹgbẹ́ mẹ́jọ yóò sì jẹ́ ènìyàn 176. Bí ìdíje náà bá gba ọjọ́ 9, tí wọ́n ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, àwo oúnjẹ 4,752 ni ẹ óò bù. Bí ẹ bá ṣírò omi mímu ní lítà 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, lítà 528 ni ẹ óò wá lójúmọ́, èyí tí í ṣe ọ̀rá píọ̀wọ́tà onídajì lítà 1,056, kí a tó sọ ti omi ìwẹ̀ àti omi aṣọ fífọ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ àwọn iye wọ̀nyí sílẹ̀, iye owó tí ẹ ń wá yóò fara hàn fúnra rẹ̀, ẹ óò sì mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni apá yín ká tàbí mẹ́rin. Mo ti rí ìgbìmọ̀ tí ó ra ife ẹ̀yẹ olówó gọbọi, tí ó wá ń yá ìkòkò kiri ní ọjọ́ kejì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Kétu kéré jù. Ìlú kan wà ní apá àríwá Dẹ́nmárkì tí ń jẹ́ Hjørring, tí kì í ṣe ìlú ńlá rárá, ṣùgbọ́n láti ọdún 1982 ni ó ti ń gbàlejò ìdíje Dana Cup, tí àwọn ọ̀dọ́ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń wá gbá. Inú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sùn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe ní Gothia Cup, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Gothenburg ní orílẹ̀-èdè Swídìn ní 1975. Nítorí náà, kíláàsì tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn fẹ́ yá yín tó ibùsùn, bí ẹ bá tún un ṣe. Ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì tirẹ̀, kí ẹ má ṣe da àwọn ọmọ ẹgbẹ́ méjì pọ̀ mọ́ra. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí gbogbo ibùsùn, kí iná sì wà ní ọ̀nà ilé ìgbẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àgbà kankan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ kan ṣoṣo nínú yàrá, yálà akọ́nimọ̀ọ́gbá ni tàbí dókítà. Kí àgbà méjì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. FIFA fúnra rẹ̀ gbé ètò ààbò ọmọdé kan kalẹ̀ ní 2019 tí ó pè ní FIFA Guardians, ohun tí ó sì ń tẹnu mọ́ ni pé kí ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa ṣọ́ àwọn ọmọ lọ, tí gbogbo ọmọ mọ ojú rẹ̀, tí wọ́n sì lè sá lọ bá. Ẹ yan ẹni náà kí ẹ tó yan alága ọjọ́ àṣekágbá. Kí ó máa ka orí àwọn ọmọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́, pẹ̀lú ìwé orúkọ lọ́wọ́.

Ohun tí ó kàn ni ìwé àṣẹ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Òfin FIFA kò gba ẹgbẹ́ láàyè láti kọjá ẹnubodè lọ gbá bọ́ọ̀lù láìjẹ́ pé àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ rẹ̀ fọwọ́ sí i, kí àjọ ilẹ̀ tí ó ń lọ náà sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin yóò kọ lẹ́tà sí Fédération Béninoise de Football (FBF), àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Benin, àwọn ẹgbẹ́ Nàìjíríà, Tógò àti Gánà yóò sì gba ìwé tiwọn lọ́dọ̀ àjọ ilẹ̀ wọn. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n ti fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́. Ẹ kọ ìwé sí ilé iṣẹ́ mẹ́rì yín àti sí ọlọ́pàá. Láti 2018 tí ìjọba ti pa ọlọ́pàá àti jàǹdáàmù pọ̀ di Police Républicaine, ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ óò lọ. Ní ti ẹnubodè, òótọ́ ni pé àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà tí ó péye ṣì pọn dandan, ọmọ tí kò bá sì bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ mú ìwé ìyọ̀ǹda òbí lọ́wọ́ pẹ̀lú òǹtẹ̀, àti káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ sọ fún àwọn ará Nàìjíríà pé kí wọ́n gba Ìdí-Ìrókò wọ Ìgòlò. Mo mọ̀ pé ọ̀nà ẹsẹ̀ pọ̀ ní agbègbè yín, tí mọ̀lẹ́bí ń gbà lọ bá mọ̀lẹ́bí, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní òǹtẹ̀ ìwọlé kò ní ẹ̀rí pé ó wà ní Benin ní ọjọ́ tí nǹkan bá ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ni ìjà rẹ̀ máa ń le jù. Ní Ife Àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ tí Nàìjíríà gbàlejò ní 2009, tí Ìjẹ̀bú-Òde wà lára àwọn ìlú tí ó gbà á, ni FIFA ti kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ MRI, tí ń ya àwòrán inú ara, níbi ìdíje náà láti wo egungun ọrùn ọwọ́. Bí ọmọ ti ń dàgbà, kèrékèré tí ó wà ní ìdí egungun náà ń di egungun, bí ó bá sì ti dì pátápátá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọmọ náà ti kọjá ọdún 17. Ẹ̀rọ yìí wọ́n jù fún ìdíje yín, n kò sì ní sọ fún yín pé kí ẹ gbé ọmọ sábẹ́ ẹ̀rọ X-ray nítorí eré. Ìwé ni ẹ óò fi ṣiṣẹ́. Ní Benin, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìwé ìbí tí ANIP, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìdánimọ̀ ará ìlú, fún ọmọ wá, èyí tí ó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ní Nàìjíríà, kí wọ́n mú NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ilẹ̀ wọn. Kí ẹ má ṣe wo ọjọ́ ìbí nìkan o. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé náà. Ìwé tí ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi rọ́pò èyí tí ó sọnù ní oṣù tó kọjá lè jẹ́ òótọ́, nítorí pé ọ̀pọ̀ ìyá ló bímọ sílé tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ìgbà kékeré tì í lẹ́yìn. Ẹ gba gbogbo ìwé ní oṣù kan ṣáájú, kí ẹ fi àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ sì ti àkọsílẹ̀ pa. Kò gbọdọ̀ sí ẹgbẹ́ tí yóò yá ọmọ lójú ọ̀nà.

Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní ìsọ̀rí méjì yóò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12. Ẹ fi méjì tí ó kángun sí àṣekágbá, ọ̀kan fún ipò kẹta àti àṣekágbá kún un, 16 ni gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá a ní ọjọ́ kìíní, ìkẹta, ìkarùn-ún, ìkeje àti ìkẹsàn-án, kí ọmọ kankan má ṣe gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ méjì léra wọn. Òfin bọ́ọ̀lù gbà pé kí a dín àkókò kù fún àwọn ọ̀dọ́, mo sì fara mọ́ ìṣẹ́jú 35 lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ ìsọ̀rí, ẹ gbá méjì láàárọ̀ láti aago mẹ́jọ, kí ẹ gbá méjì tó kù láti aago mẹ́ta ààbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá pápá kejì fún ọjọ́ karùn-ún nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti abúlé tí kò jìnnà. Ní Ife Àgbáyé 1982 ní Spéènì, Àlgéríà ti gbá tirẹ̀ tán kí Jámánì Ìwọ̀-Oòrùn àti Ọ́stríà tó bọ́ sórí pápá ní ọjọ́ kejì; àwọn méjèèjì mọ̀ pé àmì ayò kan ṣoṣo fún Jámánì yóò gbé àwọn kọjá, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí, Àlgéríà sì lọ sílé. Láti 1986 ni wọ́n ti ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìkẹyìn ìsọ̀rí ní àkókò kan náà. Bí ẹgbẹ́ méjì bá ní àmì kan náà ńkọ́? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé òfin kí bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó yí, kí gbogbo akọ́nimọ̀ọ́gbá sì buwọ́ lù ú.

Ní orí pápá, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò ni òpó góòlù. Mo máa ń gbá igi òkè mú, kí n fi gbogbo agbára mi fà á síwájú. Bí ó bá mi, a kì í gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ títí wọn yóò fi rì í mọ́lẹ̀, nítorí pé òpó irin tí ó bá ṣubú lu ọmọ lè pa á. Ẹ dá eré dúró ní àárín ìdajì kọ̀ọ̀kan kí wọ́n mu omi, kódà bí oòrùn kò bá mú. Kí ọkọ̀ kan àti nọ́ọ̀sì wà nítòsí, kí ọkọ̀ náà má sì ṣe bá ẹnikẹ́ni lọ ra nǹkan lọ́jà. Ọmọ tí ó bá forí gbá, tí ojú rẹ̀ sì ṣú, kò gbọdọ̀ padà wọlé ní ọjọ́ náà, bí ó ti wù kí ó bẹ̀bẹ̀ tó.

N óò sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ṣì ń dùn mí. Ní oṣù kìíní 2005, Benin gbàlejò ìdíje Áfíríkà fún àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ, ní Kútọnù àti níhìn-ín ní Àjàṣẹ́. Nàìjíríà fi ayò mẹ́ta sí òdo na àwọn ọmọ wa ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù tí inú ń bí kọlu asọ́lé wa, ọmọ ọdún 18, ó sì kú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ síwájú, wọ́n gba ipò kẹta, wọ́n sì lọ sí ìdíje àgbáyé ní Nẹ́dálándì, ṣùgbọ́n òun kò sí lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí mo bá ń sọ pé kí ẹ ní ẹ̀ṣọ́, àwọn ọmọ Kétu gan-an ni mò ń rò, kì í ṣe àlejò nìkan. Bí àwọn ọmọ yín bá pàdánù, ọkọ̀ ni kí ó gbé wọn délé. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan gun zẹ́mìjáǹ (alùpùpù akérò) lọ sílé lóun nìkan nínú aṣọ eré rẹ̀. Ẹ bẹ àwọn olóyè àti àwọn ìmáàmù àti pásítọ̀ kí wọ́n bá ìlú sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹnu ọ̀nà pápá kò sì gbọdọ̀ wà ní títì pa nígbà tí ènìyàn bá wà nínú rẹ̀.

Ó ku àwọn tí ń pe ara wọn ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Ní ìdíje kan tí mo bójú tó, orí kíkà aago mẹ́sàn-án fi hàn pé ọmọ mẹ́ta kò sí níbùsùn. A bá wọn lẹ́yìn ògiri ilé ẹ̀kọ́, wọ́n dúró yí ọkùnrin kan ká tí ó fi iná fóònù tan ìmọ́lẹ̀ sí fáìlì kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan di fọ́tò pélébé rẹ̀ mú. Ó ti sọ fún wọn pé ẹgbẹ́ kan ń dúró dè wọ́n ní Yúróòpù, owó ìwé ìrìnnà nìkan ni kí àwọn òbí wọn lọ wá. Ọ̀kan nínú wọn ti tẹ bàbá rẹ̀ láago, bàbá náà sì ti ń gbèrò láti ta ilẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn ní Yorùbá, ní Fọ̀n àti ní Faransé pé FIFA kò gba kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò ní ilẹ̀ kan lọ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ ilẹ̀ mìíràn, àfi nínú àwọn ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin là sílẹ̀, àti pé aṣojú tí ó ní ìwé àṣẹ pàápàá kò lè bá ọmọdé sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ kọ ìwé ìyọ̀ǹda, àti pé ó ku oṣù mẹ́fà péré kí òfin ilẹ̀ rẹ̀ tó gbà á láàyè láti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn iṣẹ́.

Bí ìwé FBF kò bá tíì dé ní oṣù méjì ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ sún un síwájú, kí ẹ sì tètè sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n má bàa ná owó ọkọ̀. Ní ti ife ẹ̀yẹ, ìlú yín ni àwọn agbẹ́gilére ti ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ lọ bá ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó fi igi gbẹ́ ẹ.