Ìjókòó ṣófo, kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí n gbé àpò mi?

Ìbéèrè: Orí ríìgì lójú òkun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Port Harcourt la sì ti máa ń wọ hẹlikópítà. Nígbà tí a lọ kẹ́yìn, ìjókòó méjìlá ló wà nínú rẹ̀, àwa mẹ́fà péré la wọ̀ ọ́, síbẹ̀ wọ́n ní kí n fi àpò mi kan sílẹ̀ torí ìwọ̀n. Ojú mi ni wọ́n ṣe ń da epo sí i. Ṣé wọn ò lè dín epo yẹn kù ni?

Ìdáhùn: Mo mọ̀ pé ó dùn yín. Ẹni tó ń lọ fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ gbé lójú omi mọ ìdí tó fi di ẹrù rẹ̀. Àmọ́ ìjókòó kọ́ ni àwa awakọ̀ hẹlikópítà ń kà tí a bá fẹ́ gbéra. Ìwọ̀n là ń wò, epo náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú AW139, irú hẹlikópítà kan tó wọ́pọ̀ nídìí iṣẹ́ yìí. Èyí tí wọn ò tíì fún láyè láti gbé jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti òun àti gbogbo ohun tó gbé kò gbọdọ̀ ju 6,400 kílò lọ nígbà tó bá ń gbéra. Ká ní òun fúnra rẹ̀, awakọ̀ méjì àti àwọn ohun èlò ìgbàlà jẹ́ 4,700. Ó ku 1,700. Ó ń jó epo tó nǹkan bí 400 kílò ní wákàtí kan. Tí ríìgì bá jẹ́ ìrìn àádọ́ta ìṣẹ́jú, 330 kílò lálọ, 330 lábọ̀, torí kì í ṣe gbogbo ríìgì la ti ń rí epo bù. Ẹ fi 66 kún un nítorí atẹ́gùn tó lè dojú kọ wá ju bí a ṣe rò lọ, 24 fún ká tó gbéra, 100 tí a ó fi dé pápákọ̀ mìíràn bí a ò bá lè balẹ̀ síbi tí à ń padà sí, àti 200 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ìkẹyìn. Gbogbo rẹ̀ di 1,050. Èèyàn àti ẹrù ló ni 650 tó kù. Ẹni mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù wọn, 105 kílò lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, ti gba 630. Ogún kílò ló ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ni àpò kejì yín ti há.

Epo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ni gbogbo èèyàn máa ń rò pé a lè yọ. Òfin àgbáyé ló ní ká gbé e, a kì í sì í ṣètò láti jó o. Tí awakọ̀ bá ti rí i pé òun máa balẹ̀ pẹ̀lú èyí tó dín sí i, ó di dandan kó ké “Mayday”, igbe pé ewu ti dé, lórí rédíò. Ẹ ro ìgbà ọyẹ́: ojú ọjọ́ mọ́ nígbà tí a gbéra, ká tó padà dé, eruku ti bo pápákọ̀ pátápátá. Mọ́tò tí epo tán nínú rẹ̀ á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Lójú òkun, kò síbi tí a fẹ́ yà sí.

Oòrùn náà ń bá wa fà á. Tí ooru bá mú, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, agbára ẹ́ńjìnnì àti abẹ̀bẹ̀ òkè á dín kù. Ìdí nìyẹn tí ẹrù tó wọlé láàárọ̀ fi lè má wọlé lọ́sàn-án. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ẹ́ńjìnnì kan kú bí a ṣe ń kúrò létí pèpéle ríìgì: bí a bá wà láàárín ìwọ̀n, èkejì lè gbé wa lọ. Bí a bá ti wúwo kọjá rẹ̀, omi ló wà nísàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wọn àpò yín nílé. Ẹ wọ bàtà iṣẹ́ yín gun òṣùwọ̀n, ẹ má sì ki nǹkan bọ àpò ṣòkòtò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ̀n yín tán. Ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹrù lọ sí ríìgì lè bá yín gbé èyí tó wúwo. Tí awakọ̀ kan bá sì gbà láti dín epo kù nítorí àpò yín, ẹ má bá a lọ.