Wọ́n ń di imú tí mo bá da irú sọ́bẹ̀

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí. Ọmọ Sùúrùlérè ni mí, Manchester là ń gbé. Àwọn ọmọ mi méjì, ọdún 9 àti 6, ń di imú tí mo bá ti da irú sọ́bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí n má di jọ̀lọ́ọ̀fù fún òun lọ síléèwé mọ́, pé wọ́n ń wo òun. Màmá mi ní mo ti sọ ọmọ di òyìnbó. Ọdún Àjíǹde yìí là ń bọ̀ l'Ékòó, ojú sì ti ń tì mí. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, ìyá wa. Dublin lèmi ń gbé, àmọ́ a ti ṣáájú yín délé. Ní Igbósẹ̀rẹ̀, nílé ìyá mi, ni mo jókòó sí tí mo ń kọ èyí.

Ẹ fi irú sílẹ̀ ná. Èmi tí wọ́n bí sí Pópó Àgùdà, àdúgbò kan l'Ékòó níbí, mi ò fẹnu kan ewédú títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Ti iléèwé, ẹ jẹ́ kó gbé búrẹ́dì lọ. Kì í ṣe ọmọ ọdún 9 ló yẹ ká rán níjà wa.

Nílé wa, frejon la máa ń jẹ ní Gúdù Fúráìdè: ẹ̀wà tí a sè títí tó fi rọ̀, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a wá fi omi tí a fún lára àgbọn sè lórí iná jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ṣúgà àti kànáfùrú. Ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata la fi ń jẹ ẹ́. (Mo mọ̀ pé ẹ ti ń rojú.) Lọ́dún kan ní Dublin, ó rẹ̀ mí, mo ra omi àgbọn inú agolo. Ọmọbìnrin mi tọ́ ọ wò ṣíbí méjì, ó dìde. Nígbà tó di ọdún kejì, mo ra àgbọn mẹ́ta. A là á mọ́ sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé, ó mu omi inú rẹ̀, ó rin ín títí ó fi fi ìka họ. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i, mo ní, "Ó yá, fún un." Ó kàn ń wò mí. "Fún mi" nìkan ló mọ̀! Mo ki ọwọ́ rẹ̀ bọ inú abọ́, mo fún un pọ̀ mọ́ tèmi, omi funfun ń yọ láàárín ìka wa. Kò tún béèrè ìtumọ̀ "fún" mọ́ láé. Abọ́ méjì ló jẹ lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń bá àbúrò rẹ̀ jà pé òun lòun sè é.

Ìdí ìkòkò ni kí ẹ ti máa sọ Yorùbá. Àwọn baba wa Àgùdà, tí wọ́n ti Brazil padà wá, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní ìpínlẹ̀ Bahia níbẹ̀ ní 1835, ni wọ́n kó frejon wá. Feijão, ẹ̀wà ní Potogí, ló di orúkọ yẹn. Oúnjẹ wà, Potogí ti kúrò lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Bahia: acarajé ni wọ́n ń pe àkàrà wa, epo pupa ni wọ́n ṣì fi ń dín in, ní 2005 ni Brazil kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tó ń tà á mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Àmọ́ ìdí òrìṣà ni Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kù sí níbẹ̀.

Ẹ ò níláti di Àgùdà o. Mọ́ínmọ́ín màmá yín ní Sùúrùlérè ti tó. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ nu ewé, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ, kí wọ́n bu ẹ̀wà sí i. Bó bá jò dànù sínú ìkòkò, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ wá jẹ frejon lọ́dọ̀ wa, ẹ pè mí kó tó di Ọjọ́rú. Ìgbín tí a ó fi jẹ ẹ́, ní ọjà Sandgrouse, tó bá ti ku ọ̀la, owó rẹ̀ kì í ṣeé gbọ́.