Ẹja já lọ: ẹ wo ẹnu okùn kí ẹ tó ra ọ̀pá mìíràn

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ẹja ń jẹ ìwọ̀ dáadáa, ọ̀pá ń tẹ̀, àmọ́ kí ẹja tó dé etí odò, okùn á já tàbí kó ṣàdédé dẹ̀. Ṣé kí ẹni tó béèrè lọ ra ọ̀pá tó le sí i àti okùn tó nípọn sí i ni? Èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ má tíì náwó. Ibi méjì ni ẹja sábà máa ń gbà bọ́: ààbọ̀ mítà okùn tó kángun sí ìwọ̀, àti bíréèkì inú ríìlì tí a fi ń ká okùn, ìyẹn dírágì. Ọ̀pá kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi. Okùn tó padà sọ́wọ́ yín lẹ́yìn tí ẹja lọ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ má gé e jù sọ nù kí ẹ tó wò ó lójú ìmọ́lẹ̀.

Bí ẹnu okùn bá lọ́ po bíi sípíríǹgì, kókó ló tú. Okùn kò já rárá, ó yọ̀ jáde lójú ìwọ̀ ni, okùn tó nípọn jù ú lọ á sì tún yọ̀ bákan náà bí ẹni tó ta kókó kò bá yí ọwọ́ padà. Bí ẹnu okùn bá rí jákajàka, tó sì ń ha ìka nígbà tí ẹ bá fà á kọjá láàárín ìka méjì, ó ti ń fara ha nǹkan tipẹ́: òkúta, kùkùté abẹ́ omi, tàbí eyín àrọ̀, tó wẹ́ tó sì ṣe ṣákaṣàka lẹ́nu rẹ̀ bí ìwé tí gbẹ́nàgbẹ́nà fi ń dán pákó. Bó bá já geere, tí kò lọ́ tí kò sì ha, agbára tó bá a ló ju tirẹ̀ lọ. Ẹ lọ wo dírágì. Bí ìwọ̀ bá padà wá àmọ́ tó ti nà gbọọrọ, dírágì náà ni, tàbí irin ìwọ̀ ti tín-ín-rín jù fún ẹja yẹn. Bí ìwọ̀ bá padà láìní àléébù kankan, ẹnu rẹ̀ ti kú, tàbí ẹ fà á kí ẹja tó gbé e sẹ́nu tán. Bí ìpẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ìwọ̀, ara ẹja ló kọ́, kò wọ ẹnu rẹ̀ rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú kókó, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Fún náílọ́ọ̀nù, èyí tí wọ́n ń pè ní clinch ti tó. Ẹ ki ẹnu okùn bọ ojú ìwọ̀, kí sẹ̀ntímítà 12 yọ sí òdìkejì. Ẹ yí i mọ́ okùn tó gùn lẹ́ẹ̀marùn-ún tàbí lẹ́ẹ̀mẹfà. Bí okùn bá nípọn ju mìlímítà 0.40 lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni kí ẹ yí i, torí okùn tó nípọn kì í jókòó dáadáa bí ìyípo bá pọ̀. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ padà sínú ihò kékeré tó wà nídìí ojú ìwọ̀, kí ẹ tún wá kì í bọ inú ihò ńlá tí èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ fi omi tàbí itọ́ rin ín. Ẹ wá rọra fa okùn tó gùn náà títí ìyípo yóò fi tò tẹ̀léra, tí ọ̀kan ò gun èkejì. Ẹ gé ìyókù, kí mìlímítà 2 tàbí 3 ṣẹ́kù. Ẹni tó bá gé e mọ́lẹ̀ pátápátá kò fi àyè sílẹ̀ fún kókó láti fún ara rẹ̀ nígbà tí ẹja bá fà.

Rírin yẹn kì í ṣe àṣà lásán. Náílọ́ọ̀nù gbígbẹ tó bá ń ha ara rẹ̀ á gbóná, ooru yẹn á sì pa agbára rẹ̀ níbi tí a ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ gbé kókó náà súnmọ́ ojú: bí okùn tó wà lókè rẹ̀ bá ti funfun, tàbí tó ká wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ dípò kó dúró gbọọrọ, ó ti jóná. Gígé ni, kí ẹ tún un ta.

Okùn híhun tí wọ́n ń pè ní braid kò bá clinch lásán rẹ́. Ara rẹ̀ ń dán, á sì yọ̀. Palomar ni kí ẹ ta fún un. Ẹ ṣẹ́ okùn po sí méjì ní nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 15, ẹ ki ibi tó ṣẹ́ po bọ ojú ìwọ̀, ẹ fi okùn méjèèjì ta kókó lásán láìfún un, ẹ wá mú ojóbó tó ṣẹ́kù kọjá lórí ìwọ̀ pátá. Ẹ rin ín, ẹ fà á. Kókó yìí dára fún náílọ́ọ̀nù pẹ̀lú, èmi gan-an fẹ́ràn rẹ̀ ju clinch lọ nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti ń lọ, torí ọwọ́ nìkan lè ta á. Okùn híhun kan náà kì í di sípúùlù mú, ìyẹn àgbá kékeré ara ríìlì tí okùn ká mọ́. Bí ẹ bá ká a sórí irin tó ń dán tààrà, gbogbo rẹ̀ á máa yí lórí sípúùlù, ẹ ó sì rò pé dírágì ló bàjẹ́. Mítà mélòó kan náílọ́ọ̀nù ló yẹ kó kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀.

Kókó kékeré kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ọ́mọ̀ ta: èyí tí afẹ́fẹ́ ta sí àárín okùn nígbà tí a jù ú. Ó lè gba nǹkan bí ìdajì agbára náílọ́ọ̀nù. Bí ìka yín bá kàn án, ẹ gé okùn níbẹ̀.

Ó kan dírágì. Okùn tí wọ́n kọ kìlógíráàmù 4.5 sí lára, ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀ ni kí dírágì ti máa tú okùn sílẹ̀, ìyẹn kìlógíráàmù 1.1 sí 1.5. Ẹ má fi ọwọ́ díwọ̀n rẹ̀, ọwọ́ ń tanni jẹ. Ẹ mú okùn gba inú gbogbo òrùka ọ̀pá, ẹ so ó mọ́ òṣùwọ̀n ìfikọ́, kí ẹlòmíràn dì í mú. Ẹ gbé ọ̀pá sókè bí ìgbà tí ẹja wà lẹ́nu ìwọ̀, ẹ rọra fà títí sípúùlù yóò fi yí, kí ẹni náà ka ohun tí òṣùwọ̀n sọ lásìkò yẹn gan-an. Bí sípúùlù bá kọ́kọ́ dúró gbagidi kó tó já yí, tó tún dúró, tó tún já, àwo inú dírágì ti dọ̀tí tàbí ó ti gbẹ. Ìjáyí yẹn ló ń já okùn, ẹ tú u fọ̀ kí ẹ tó lọ sódò. Tí ẹ bá ti pẹja tán, ẹ dẹ dírágì kí ẹ tó gbé ríìlì pamọ́, kí àwo inú rẹ̀ má baà máa wà ní títẹ̀ títí.

Kí ló dé tí a ò fi lo gbogbo agbára okùn? Kókó ti mú díẹ̀ níbẹ̀, òrùka tí okùn ń tẹ̀ kọjá ń mú díẹ̀, ẹja sì máa ń já lójijì, kì í fà bó ṣe yẹ. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ò kà sí: bí ẹja bá ń sáré lọ, okùn orí sípúùlù ń dín kù, sípúùlù ń kéré, dírágì sì ń le sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí okùn bá kún sípúùlù ní ìbú mìlímítà 48, tí dírágì sì wà ní kìlógíráàmù 1.5, nígbà tí ìbú náà bá fi máa dín sí mìlímítà 32, agbára tí ẹja nílò láti fa okùn ti di kìlógíráàmù 2.25. Ẹni tó bá wá fi ìbẹ̀rù fún dírágì pọ̀ sí i torí pé ẹja ń lọ jìnnà, òun ló já okùn ara rẹ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ ni. Bí ẹ bá fẹ́ dá ẹja dúró, ẹ fi ìka kan rọra tẹ etí sípúùlù. Ìka ṣeé gbé kúrò kíákíá, dírágì kì í yára bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí sípúùlù bá ń yí, tí okùn ń jáde, ẹ má ká ríìlì. Lórí ríìlì tí sípúùlù rẹ̀ kì í yí nígbà tí a bá ń ká okùn, gbogbo ìyípo ọwọ́ tí okùn ò wọlé ń lọ́ okùn náà. Bí a bá kọ 5.2:1 sára ríìlì, ìyẹn ni pé ìyípo ọwọ́ kan ń ká okùn ní ìgbà 5.2, ogún ìyípo ọwọ́ lásán ti lọ́ okùn ní ìgbà 104. Láti ibẹ̀ ni okùn tó ń fò jáde lójóbó-lójóbó ti ń wá, kì í ṣe torí pé okùn náà jẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Tó bá ti lọ́, ẹ tú ìwọ̀, òjé àti súífẹ̀lì (irin kékeré tó ń yí, tí a fi ń so okùn pọ̀) kúrò, ẹ jẹ́ kí odò tó ń ṣàn tàbí ọkọ̀ tó ń rọra lọ fa nǹkan bíi mítà 50 jáde lófìfo fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ wá fi ìka méjì di okùn mú bí ẹ ti ń ká a padà. Okùn gbọ́dọ̀ kún sípúùlù ku mìlímítà 2 sí 3 kó kan etí rẹ̀. Tó bá kún jù, á máa fò jáde ní ìdìpọ̀. Tó bá dín jù, á máa ha etí sípúùlù, kò sì ní lọ jìnnà.

Ọ̀nà tó tọ́ láti fa ẹja tó wúwo ni pé kí ẹ rọra gbé ọ̀pá sókè láìyí ọwọ́ ríìlì, kí ẹ wá sọ orí ọ̀pá kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń ká okùn tó dẹ̀, láìjẹ́ kó dẹ̀ tán. Ẹ má gbé ọ̀pá kọjá òró gangan sẹ́yìn. Orí ọ̀pá níbi tó tín-ín-rín jù ló máa gba gbogbo ẹrù náà, ibẹ̀ ló sì ń ṣẹ́. Bí ẹja bá dojú kọ igi abẹ́ omi, ẹ dùbúlẹ̀ ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ fà á, á yí orí padà ju bí ẹ bá ń fà á sókè lọ.

Ní ti ìwọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ń dàrú mọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1 lọ, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ìwọ̀ ń kéré: 10 kéré ju 6 lọ. Àwọn tí wọ́n kọ /0 sí lẹ́yìn ń tóbi bí nọ́ńbà ti ń pọ̀: 3/0 tóbi ju 1/0 lọ. Ẹnu ẹpìyà kéré, 10 tàbí 8 pẹ̀lú ekòló ṣẹ́kẹ́lẹ́ ló bá a mu. Fún àrọ̀ tó lára, 1/0 sí 3/0. Ohun yòówù kí ìjẹ jẹ́, ẹ jẹ́ kí ṣónṣó ìwọ̀ yọ síta. Ìjẹ tó bo ṣónṣó mọ́lẹ̀ ni ẹja máa ń jẹ lọ lófẹ̀ẹ́. Ẹ fi ṣónṣó náà fa orí èékánná àtàńpàkò: bó bá há síbẹ̀, ó mú, bó bá yọ̀ kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ìwọ̀ tí ṣónṣó rẹ̀ tẹ̀ wọnú, tí wọ́n ń pè ní circle, ní òfin tirẹ̀: ẹ má fà á lójijì. Ẹ jẹ́ kí ẹja gbé e lọ, kí okùn le, kí ẹ wá máa ká ríìlì ní pẹ̀lẹ́. Á yọ́ dé igun ẹnu, á sì há síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá já ọ̀pá á yọ ọ́ kúrò lẹ́nu ẹja ni. Ìwọ̀ lásán ní tirẹ̀ nílò fífà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ká gbogbo okùn tó dẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ń nà, bí ó bá gùn jìnnà, ọ̀pọ̀ agbára yín á parí sínú nínà yẹn kó tó dé ìwọ̀. Okùn híhun kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ nà, gbígbé díẹ̀ ti tó, fífà líle lè ya ẹnu ẹja.

Kọ́ọ̀kì, ohun tó ń léfòó lórí omi láti fi hàn pé ẹja ń jẹ, ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi òjé sí i títí yóò fi ku sẹ̀ntímítà kan péré lójú omi, kí òjé tó kéré jù lọ wà ní sẹ̀ntímítà 10 sí 15 sí ìwọ̀. Bí ẹja bá gbé ìjẹ tòun ti òjé yẹn kúrò nílẹ̀, kọ́ọ̀kì á gbéra sókè dípò kó rì. Ẹ fa ọ̀pá nígbà yẹn náà. Ẹ má fi eyín fún òjé mọ́ okùn, májèlé ni, ẹ sì fọ ọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Àwọn tó ń pàdánù ẹja létí omi gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n ra nǹkan: àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn. Okùn tó gba ẹja nínú omi kò ní gbà á lófuurufú, torí omi ti ń gbé ìwúwo ẹja ró tẹ́lẹ̀. Ẹ ri àwọ̀n sínú omi kí ẹja tó dé, ẹ fa ẹja wá sórí rẹ̀, orí ni kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ má fi àwọ̀n lé ẹja, ẹ má sì fi í kan ìrù rẹ̀, yóò tún sáré ni. Rin ọwọ́ kí o tó dì í mú kan gbogbo ẹni tó fẹ́ dá a padà sómi. Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn orí. Ẹ̀yìn àwọn ẹ̀gún yẹn ni kí ẹ ti dì í mú, kí wọ́n wà níwájú ọwọ́ yín. Fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu gígùn yọ ìwọ̀ gba ọ̀nà tó gbà wọlé. Bó bá ti gbé e mì jinlẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ kó yè, ẹ má wá a kiri nínú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ẹ gé okùn súnmọ́ ìwọ̀ bó ṣe lè ṣeé ṣe tó, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ.