Ẹ má tíì fọwọ́ sí ìwé: KiKA ti wà nílé yín

Ìyá wa tó béèrè bóyá kí òun máa sanwó oṣooṣù fún ìkànnì ọmọdé, kí ọmọ ọdún mẹ́ta tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì lè tètè gbọ́ èdè ibẹ̀, ẹ kú òtútù o. Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Èmi ti fọwọ́ sí i rí, àdéhùn oṣù 24. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n fi ti ìkànnì tí mo torí ẹ̀ sanwó pa, owó sì ń jáde lọ ní báńkì.

KiKA, ìkànnì ọmọdé ti Jámánì, ti wà nínú tẹlifíṣọ̀n yín. Owó ẹ̀ wà nínú €18.36, owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san lóṣù, èyí tí gbogbo wa ṣì ń pè ní GEZ. (Ẹ san án o, bí ẹ ò tiẹ̀ ní tẹlifíṣọ̀n.) ARD àti ZDF, àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí owó yẹn ń gbọ́ bùkátà wọn, ló jọ dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1997, ìlú Erfurt ló fìdí kalẹ̀ sí. Kò sí ìpolówó ọjà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní kọ́ ọmọ yín bí wọ́n ṣe ń sunkún bèbí. Nickelodeon, ìkànnì ọmọdé mìíràn tó ń fi ìpolówó jẹun, ti ṣáájú ẹ̀ dé ní 1995, ó kógbá sílé ní 1998, ó di 2005 kó tó padà.

Nígbà tí àkọ́bí mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, Kinderkanal ni wọ́n ṣì ń pè é, aago méje alẹ́ ló sì ń parí. Sandmännchen, bàbá kékeré onírùngbọ̀n ṣóńṣó tí àwọn ọmọ Ìlà-Oòrùn Jámánì ti ń wò láti 1959, á wọ́n yanrìn oorun, á juwọ́, ó parí. Lórí kébù tiwa, ìkànnì Arte ló ń gba ibẹ̀: àwọn àgbàlagbà tó ń ròyìn ayé. Ọmọ á ké fún ìṣẹ́jú méjì, á lọ sùn. N ò mọ iyì ẹ̀ àfi nígbà tí wọ́n sún un dé aago mẹ́sàn-án ní 2003. Ìjà wa bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án, Bernd lẹ máa bá níbẹ̀: ọmọláńgidi búrẹ́dì alápá kúkúrú tó fajú ro, tó há sínú yàrá funfun. Àwa àgbà ló ń pa lẹ́rìn-ín jù. Wọ́n tiẹ̀ jí ère ẹ̀ gbé ní Erfurt ní 2009.

Èyí tó bá ọmọ tiyín mu ni Kikaninchen, ehoro aláwọ̀ búlúù tó dé ní 2009 fún àwọn tí kò tíì wọ ilé ìwé. Àbíkẹ́yìn mi gbé fóònù, ó kí ìyá mi ní Ìbàdàn: "Dibedibedab!" Màmá ní ṣé èdè Jámánì nìyẹn. Mo ní rárá mà, èdè ehoro ni.

Jámánì gan-an ńkọ́? Odidi ọdún kan ni àbíkẹ́yìn mi yìí fi ń wò ó tí kò sọ gbólóhùn kan jáde. Ìgbà tí mo wá ń jókòó tì í, tí mò ń bi í léèrè ní Yorùbá pé kí ni ehoro yẹn ń ṣe, ló tó bẹ̀rẹ̀ sí dá mi lóhùn. Ní Jámánì.