Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ìwé Orin Ọmọ Mi Ṣófo

ÌBÉÈRÈ: Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin méjì, pírámárì 3 ni wọ́n wà ní ilé ìwé aládàáni kan níbí ní Lúgbè. Yàtọ̀ sí owó ilé ìwé, wọ́n ń gba ₦15,000 lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní táàmù fún ohun tí wọ́n ń pè ní kíláàsì àkànṣe: orin, iṣẹ́ ọnà, kọ̀ǹpútà, Faransé. Ní Sátidé tó kọjá mo ní kí n yẹ ìwé wọn wò. Ìwé ìṣirò kún, ti Gẹ̀ẹ́sì kún. Ìwé orin, ojú ewé méjì péré ni wọ́n kọ nǹkan sí láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé. Mo bi Táíwò pé kí ni wọ́n kọ́ yín, ó ní, "A fọn fèrè." Kẹ́hìndé náà ní, "A fọn fèrè." Fèrè ọ̀hún, ẹyọ kan ni mo rà fún àwọn méjèèjì, ariwo ẹ̀ kò sì jẹ́ kí ìyá wọn sùn lọ́sàn-án. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n ń fi owó mi ṣeré? — Bàbá Ìbejì, Lúgbè, Àbújá

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Ẹ fọkàn balẹ̀ ná. Ìwé tó ṣófo yẹn kò bà mí lẹ́rù tó èyí tó bá kún.

Ọdún 31 ni mo fi ṣe tíṣà, 19 ní Kàdúná, ìyókù níbí ní Kúbwà. Nígbà tí mo wà ní Kàdúná, ìwé orin àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń kún dé ẹ̀yìn. Màá kọ ọ́ sí pátákó lédè Gẹ̀ẹ́sì pé orin ni àkójọpọ̀ ohùn tó dùn létí, àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí bí ẹni há ẹsẹ Bíbélì. Ọmọ á gba 90 nínú ìdánwò orin, ìyá ẹ̀ á wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, a fẹ́ ṣe ìdágbére fún tíṣà àgbà kan tó ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí pírámárì 5 mi wá kọrin, kí wọ́n pín ohùn sí méjì. Mo fún wọn ní dò. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìlà kan gba Zaria lọ, ìlà kejì forí lé Kafanchan. Ojú tì mí débi pé mo díbọ́n bí ẹni tó fẹ́ lọ gbé àga fún àlejò. Àwọn ọmọ tó mọ ìtumọ̀ orin bí ẹni mọ orúkọ ara wọn, wọn ò lè mú ohùn kan ṣoṣo dúró. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ìwé díwọ̀n tíṣà orin mọ́.

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tí NERDC, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣètò ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ìwé, ṣe fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, orin, iṣẹ́ ọnà àti eré orí ìtàgé jọ wà lábẹ́ ohun tí àwa tíṣà ń pè ní CCA (Cultural and Creative Arts, ìyẹn àṣà àti iṣẹ́ ọnà). Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé ìjọba, tíṣà kíláàsì náà ló ń kọ́ wọn, ìyẹn tó bá ráyè. Ilé ìwé tiyín ló gba tíṣà ọ̀tọ̀ fún un. Ohun tí ₦15,000 yín wà fún nìyẹn, ó sì yẹ kẹ́ ẹ rí i, àmọ́ ìka ọmọ ni kẹ́ ẹ wò, ẹ fi ìwé sílẹ̀.

Fèrè yẹn, rẹ́kọ́dà là ń pè é. Ihò méje ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn. Ọwọ́ òsì ló ń wà lókè o, kí màmá àgbà kankan má bá ọmọ wí pé ó ń fi òsì ṣe nǹkan. Àtàǹpàkò òsì á dí ihò ẹ̀yìn, ìka ìfábẹ̀là á dí ihò àkọ́kọ́ lókè: nóòtì tí wọ́n ń pè ní B nìyẹn. Kí ìka àárín tẹ ihò kejì, ó di A. Kí ìka tó tẹ̀ lé e tẹ ìkẹta, ó di G. Ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ lè fi odindi táàmù wà lórí mẹ́ta yìí, kò sì burú. Ohun méjì ló sábà máa ń fa ariwo tó ń han ìyá wọn létí: kí ìka má dí ihò tán, tàbí kí èémí pọ̀ jù. Tíṣà tó mọṣẹ́ á ní kí ọmọ fẹ́ ẹ bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, kó má fẹ́ ẹ bíi mallam tó ń koná mọ́ èédú súyà, kó sì fi ahọ́n pe "tu" bẹ́ẹ̀jẹ́ẹ́ fún nóòtì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá fọn ọ́n tán, ẹ ní kí wọ́n na ìka sí yín. Ẹ óò rí ojú ihò tó tẹ̀ sí wọn lára. Bó bá rí roboto, wọ́n dí i dáadáa. Bó bá jẹ́ ààbọ̀ òṣùpá lẹ rí, ibẹ̀ ni ariwo ti ń wá.

Ó kù nǹkan kan tí tíṣà wọn lè má sọ fún wọn, pàápàá bí kì í bá ṣe ọmọ Yorùbá. Ẹ pe G ní dò. A á di re, B á di mí. Ṣé ẹ ti rí i? Àmì ohùn wa nìyẹn, ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ ju nóòtì mẹ́ta lọ ti lè fi fèrè pe Yorùbá. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó: A, A. Ọkọ́ tí a fi ń roko: A, B. Ọkọ̀ tó gbé yín lọ sí Wúsè: A, G. Ìbàdàn ńkọ́? G lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dán an wò pẹ̀lú àwọn ọmọ Yorùbá mẹ́rin tó wà nínú kíláàsì mi ní Kúbwà. Kó tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ Gbagyi àti Hausa ti yí mi ká, wọ́n fẹ́ mọ bí fèrè ṣe máa pe orúkọ tiwọn, torí èdè wọn náà ní ohùn òkè àti ìsàlẹ̀. (Mo mọ̀ pé àyàn kan wà níbì kan tó ń ka èyí tó ń mi orí. Òótọ́ ni, gángan máa ń fa ohùn, ó máa ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Nóòtì mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọdé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàánú wa.)

Torí náà, lálẹ́ òní, ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n kọ́ wọn. Ẹ ní kí Táíwò fi fèrè pe orúkọ ara ẹ̀, kí Kẹ́hìndé pe tiẹ̀. B, B, G ni ti Táíwò. B, G, B ni ti Kẹ́hìndé. Ẹ má sọ fún wọn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi etí wá a, kí wọ́n jà sí i díẹ̀. Bí wọ́n bá rí i, owó yín kò ṣòfò. Bí wọn ò bá mọ ibi tí ìka ń wọ̀ rárá, ẹ lọ rí tíṣà náà. Ẹ má bá a jà. Ẹ kàn bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ni ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ń fọn fèrè lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ wá wo ojú ẹ̀.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ ra ìkejì. Itọ́ ń wọnú ẹ̀. Bí ikọ́ bá mú ọ̀kan, ó ti mú èkejì nìyẹn. Ta ló ń ra bàtà kan fún ìbejì? Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ máa fi fọ̀ ọ́. Ẹ má da omi tó ń hó sí i, ike ni, á wọ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ọmọbìnrin mi wà ní pírámárì 4. Tíṣà iṣẹ́ ọnà ní kí wọ́n mú amọ̀ wá láti ilé. Ó mú un lọ, ó ba aṣọ ilé ìwé jẹ́, ó wá gbé ìkòkò kékeré kan wálé tó sán láti ẹnu dé ìdí. Ó ń sunkún. Èmi náà fẹ́ sunkún nítorí aṣọ. Ṣé ẹrẹ̀ ló kù tí wọ́n fẹ́ kọ́ ọmọ wa ni? — Abiyamọ kan, Súlèjà

ÌDÁHÙN: Abiyamọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o, aṣọ funfun tàbí búlúù? Bó bá jẹ́ funfun, mo bá yín kẹ́dùn.

Ẹ mú náírà 20 kan jáde nínú báàgì yín, kẹ́ ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀ síwájú. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni. Ní Kwali ni wọ́n bí i, ibi tó wà lábẹ́ Àbújá báyìí. Láti kékeré ló ti kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ àǹtí ẹ̀. Ní 1954 ló dara pọ̀ mọ́ ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀kòkò tí òyìnbó kan, Michael Cardew, dá sílẹ̀ ní Abuja, àwọn èèyàn sì gbé ìkòkò ẹ̀ lọ ṣàfihàn nílẹ̀ òyìnbó. Abuja wo? Súlèjà yín yìí ni o! Ìlú yín ló ń jẹ́ Abuja kí ìjọba tó gba orúkọ náà fún olú-ìlú tuntun. Nínú gbogbo ilé tó wà ní Nàìjíríà, tiyín ni mi ò retí pé wọ́n á ti máa bínú sí amọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ tó ń sunkún. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá ń gbẹ. Bí ìdí ìkòkò bá nípọn tí ẹnu ẹ̀ sì fẹ́lẹ́, ẹnu á gbẹ tán kí ìdí tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á máa fa ara wọn, á sì sán. Ẹ wá fi ọyẹ́ ọ̀dọ̀ wa níbí lé e. Ẹ bi í bóyá oòrùn ló gbé e sí. Mo lè fi owó ìrẹsì mi ta tẹ́tẹ́ pé oòrùn ni. Bó bá tún fẹ́ mọ òmíràn, kó fi ọwọ́ po amọ̀ dáadáa kí atẹ́gùn inú ẹ̀ jáde, kó yí i gígùn bíi kókóró, kó máa ká a lé ara wọn, kó fi ọ̀bẹ ha ojú ibi tí wọ́n ti máa pàdé, kó sì fi amọ̀ ṣíṣàn lẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà, abẹ́ ibòji, kó fi nylon bò ó fún ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ìyá àgbà Gbari, ìyẹn àwọn èèyàn Ladi Kwali, kì í lo ẹ̀rọ. Ìkòkò á dúró, àwọn ni wọ́n á máa yí i po tí wọ́n á máa mọ ọ́n. Ọmọ yín lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Èyí tó sán yẹn, ẹ má dà á nù. Ọmọ tó lè fi ìka tọ́ ibi tó nípọn jù, tó sì lè sọ ìdí tó fi sán, ó ti gba máàkì lọ́dọ̀ tèmi. Ní ti aṣọ, ẹ fún un ní ṣẹ́ẹ̀tì bàbá ẹ̀ kan tó ti gbó kó máa wọ̀ ọ́ lé e.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọmọ mi ń sọ "bonjour" káàkiri ilé, kò sì lè fi Yorùbá kí mi dáadáa. Kí la fẹ́ fi Faransé ṣe ní Kàdúná? — Bàbá àgbà, Barnawa

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ̀sùn Yorùbá, ilé ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, kì í ṣe ilé ìwé. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀ láàárọ̀ tó jí. Bí kò bá dọ̀bálẹ̀, ẹ má dáhùn.

Ní ti Faransé, pírámárì 4 ló ti bẹ̀rẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ló bá wa pààlà lórí ilẹ̀: Benin, Niger, Chad àti Cameroon. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí Faransé kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ará Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Benin, Yorùbá pọ́ńbélé bíi tiyín, Faransé ni wọ́n fi ń ka ìwé. Ọmọ yín tún ní àǹfààní tí kò mọ̀. Ohùn imú tó ń yọ àwọn mìíràn lẹ́nu, ó ti wà lẹ́nu wa. Ẹ ní kó pe "ìbọn", kó wá gbé "ì" kúrò: "bon" tó kù yẹn, bí wọ́n ṣe ń pè é ní Kútọnu gan-an nìyẹn. Èyí tó máa nira fún un ni "u" inú "tu": kó pe "i", kó wá ká ètè jọ bí ẹni fẹ́ súfèé. Ẹ bá a ṣe é, bàbá. Ẹ ó rẹ́rìn-ín.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń kọ́ ọmọ mi ní pírámárì 2, mo sì ń sanwó ẹ̀. Àwòrán "mouse" ló wà nínú ìwé ẹ̀, ó kùn ún ní pupa. Ó ní òun kò tíì fọwọ́ kan ọ̀kan rí. — Ìyá Bọ̀dá, Sábóńgàrì, Kánò

ÌDÁHÙN: Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé pé kọ̀ǹpútà mélòó ló ń tàn. Bó bá ní mẹ́wàá, ẹ ní ẹ fẹ́ rí wọn. Bí kò bá sí, ẹ gba owó yín.